Kíbọ́ọ̀dù Kọ́ Ló Lé Onígángan Lọ

Tí ẹ bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́, ẹ ò nílò kàlẹ́ńdà láti mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ti dé. Ní àdúgbò wa ní Ìkọ̀tún, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin ti ń ké lẹ́ẹ̀kan náà láti ojúlé mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń dí aládùúgbò lọ́wọ́ oorun o. Láti ìgbà tí mo ti wà ní SS2 ni mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí mò ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì, mo sì ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí bi mí pé, "Nínú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ olórin ìlú Ọba tó ń fi synthesizer kọrin láyé àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní synth-pop yẹn, èwo lo fẹ́ràn jù? Èwo ló sì nípa jù lórí orin ayé?" Ó mọ̀ pé fóònù mi kún fún orin wọn. Mo ti lanu láti dá a lóhùn nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kẹta já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe orin. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílù wa."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gún mi lọ́kàn. Mo mọ onílù kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi gan-an ni mo sì jókòó sí àyè wọn.

Bàbá Onígángan la máa ń pè wọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹ bá pẹ́ẹ́ dé ìsìn, Bàbá á fi ìlù kí yín láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìjọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Tí ẹni tó ń jẹ́rìí bá ń sunkún, wọ́n á fi ìlù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kan. Oríṣiríṣi ìlù ló wà nínú rẹ̀, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnnì ni. Àwọn àgbà ìjọ ṣèpàdé. Wọ́n ní owó tí àwọn ń fún Bàbá lóṣooṣù, àwọn lè fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n gbàdúrà fún wọn. Bàbá fi aṣọ wé ìlù wọn, wọ́n fọwọ́ tọ́ mi léjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ dáadáa o." Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Mi ò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, mi ò lè dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn pé irọ́ ló ń pa. Àmọ́ mo rò pé ibi tó nà ìka sí kì í ṣe ibẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló lé Bàbá lọ. Àwa tí a ra ẹ̀rọ náà tí a ò sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ la lé wọn lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ràn lára àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbọ́ orin wọn nìyẹn: wọ́n tú ẹ̀rọ wọn palẹ̀ láti mọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tó o ní ẹsẹẹsẹ.

Kí ni synthesizer ń ṣe gan-an?

Ìró ni kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n. Tí nǹkan bá gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 440 Hz, ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A la ó gbọ́. Tó bá di 880 Hz, A náà ni, àmọ́ ó ti gòkè ní octave kan. Kíbọ́ọ̀dù pín àárín méjèèjì sí ìṣísẹ̀ 12. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 1.0595 èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò yín, ẹ fi 1.0595 lọ́po ara rẹ̀ títí yóò fi pé 12, 2 ló máa já sí.

Ní báyìí, ẹ ronú nípa gángan. Okùn awọ ló so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí onílù bá fún okùn náà mọ́ ìhà, awọ ojú ìlù á le sí i, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á sì gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ orí: kí ohùn awọ tó di ìlọ́po méjì, ipá tó ń fa awọ náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí apá fi máa ń ro onígángan lẹ́yìn òde àríyá. Octave kan péré, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Ní 1964, Robert Moog ará Amẹ́ríkà gbé synthesizer tirẹ̀ jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni oscillator, èyí tí í ṣe ẹ̀yà iná kan tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa sọ fún un pé kó gbọ̀n kíákíá? Voltage lẹ máa fi sọ fún un. Bí voltage bá fi 1 lé sí i, ohùn á gòkè ní octave kan. Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ tí okùn awọ ń ṣe lára gángan ni voltage ń ṣe nínú ẹ̀rọ Moog. Àwọn baba ńlá wa ò ní oscillator, àmọ́ wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn lè fi ohun kan darí ohùn láìfọwọ́ kan ibi tó ti ń dún.

Lẹ́yìn oscillator, asẹ́ ló kàn. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Ìró kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́ kì í dá wà, ó ní àwọn ọmọ ìró tó ń tẹ̀ lé e. Bí ìró kan bá jẹ́ 100 Hz, ó lè ní 200, 300, 400 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Irú kan wà tó jẹ́ pé 300, 500, 700 nìkan ló ní, ìdí sì nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń jọ ohùn fèrè tí inú rẹ̀ ṣófo. Asẹ́ inú synthesizer ló máa ń sẹ́ àwọn ọmọ ìró kan kúrò, tí á jẹ́ kí àwọn tó kù kọjá. Ẹnu wa náà, asẹ́ ni. Ẹ di ohùn kan mú, kí ẹ wá sọ "a", "i", "u" láì yí ohùn padà. Ọ̀nà ọ̀fun ò yí padà, ẹnu ló ń sẹ́ ìró náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kẹta ni bí ìró ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Agogo á dún gán-ún lẹ́ẹ̀kan, á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Gòjé á wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ lè ṣètò ìyẹn náà. Oscillator, asẹ́, àti bí ìró ṣe ń wọlé tó ń jáde: ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí lè dá ìró tí kò tíì sí láyé rí.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí idán kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn

Kí n tó dárúkọ wọn, òótọ́ kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́: ará Jámánì ló là á sílẹ̀ fún wọn. Kraftwerk ṣe àwo Autobahn ní 1974, wọ́n sì ṣeré ní Liverpool ní 1975. Ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Andy McCluskey wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun àti Paul Humphreys ló padà dá ẹgbẹ́ OMD sílẹ̀ ní 1978.

OMD ni mo fẹ́ràn jù. Ìdí àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lówó. Inú ìwé káràkátà tí ìyá McCluskey fi ń rajà ni wọ́n ti ra synthesizer Korg kékeré kan, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti ra fóònù ní àwìn rí lọ́wọ́ aládùúgbò ní Ìgandò mọ irú ayé yẹn. Ìdí kejì ni orin wọn Enola Gay ti 1980. Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú tó ju àdó olóró sí Hiroshima ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1945 nìyẹn. Èèyàn lè máa jó sí i kó má mọ̀ pé ohun tó burú jù tí ìmọ̀ físíìsì ti ṣe ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ físíìsì, mi ò lè gbójú kúrò lára orin náà.

Gary Numan ló kàn. Ó lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ láti ṣe orin onígìtá. Ó bá Minimoog kan tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ìró tó jáde mi gbogbo yàrá, ó sì yí èrò rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 1979, orin rẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba ipò kìíní ní ìlú Ọba. Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ ni pé kò béèrè pé, "Ta ló máa kọ́ mi?" Ó yí bọ́tìnnì.

The Human League wá láti Sheffield, ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin. Philip Oakey tó ń kọrin fún wọn, iṣẹ́ títi aláìsàn kiri ọsibítù ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1981 ni wọ́n ṣe àwo Dare, orin wọn Don't You Want Me sì wà ní ipò kìíní nígbà Kérésìmesì ọdún náà. Ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n lò ń jẹ́ Linn LM-1. Èyí ló ṣe pàtàkì sí mi jù: nínú Linn, ìró ìlù tí èèyàn ẹlẹ́ran ara lù ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé onílù wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, màá padà sí i.

New Order ti Manchester náà wà níbẹ̀. Orin wọn Blue Monday jáde ní 1983. Bernard Sumner, ọ̀kan lára wọn, ra àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì jókòó jó wọn pọ̀ fúnra rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rọ tó ń to ohùn orin lẹ́sẹẹsẹ. Tí ẹ bá ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n fi irin gbígbóná jó wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, ẹ ti rí Bernard Sumner.

Èwo wá ló nípa jù? Tèmi, Depeche Mode ni. Ìlú kékeré tó ń jẹ́ Basildon ni wọ́n ti wá, àwo wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1981. Vince Clarke tó ń kọ ọ̀pọ̀ orin wọn fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà, gbogbo ayé ló rò pé wọ́n ti parí. Kàkà kí wọ́n parí, ní 1983 wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní agbègbè Shoreditch ní London, wọ́n ń lu irin, wọ́n ń lu páànù, wọ́n gba ìró gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe orin sínú àwo Construction Time Again. Wọn ò dúró de ìró tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kó sínú páálí fún wọn. Àdúgbò wọn ni wọ́n ti lọ mú un. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó dá orin techno sílẹ̀ ní Detroit ní Amẹ́ríkà gbọ́ irú orin ilẹ̀ Yúróòpù yìí lórí rédíò, wọ́n sì fi ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ orin ijó tó ń dún kárí ayé lónìí, ẹ lè tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn àgbà ìlú wọn pàtẹ́wọ́ fún wọn o. Ní oṣù Karùn-ún 1982, ẹ̀ka kan ní London nínú Musicians' Union, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ orin, dìbò pé kí wọ́n fòfin de synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù, torí pé wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn olórin. Ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ò tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Iṣẹ́ ni, ọmọ ń bẹ nílé tó fẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ ní yàrá ìwádìí wa, àwọn olórin London ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí wa.

Ṣé àwa náà ò ṣe tiwa ni?

A ṣe é o! Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀.

Kó tó di pé OMD kọrin nípa àdó olóró, William Onyeabor ní ilẹ̀ Igbo ti ṣe àwo kan tó pè ní Atomic Bomb ní 1978. Láàárín 1977 sí 1985, ó ń gbé àwo jáde tí synthesizer kún inú wọn fọ́fọ́. Nígbà tó yá ó pa orin tì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ní 2013, wọ́n kó àwọn orin rẹ̀ jọ sínú àwo kan ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé wá ń béèrè pé ta ni ọkùnrin yìí. Alexis Taylor, tó ń kọrin fún Hot Chip, ẹgbẹ́ olórin ìlú Ọba tí synthesizer ni iṣẹ́ wọn, wà lára àwọn tó gun orí ìtàgé láti kọ orin Onyeabor. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì onísynthesizer ń kọ́ orin lọ́dọ̀ ará Enugu.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? King Sunny Adé ni. Wọ́n gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, ọwọ́ iléeṣẹ́ Island ni méjèèjì ti jáde. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, ló bá wọn ṣètò rẹ̀, ó sì fi synthesizer kún un. Synchro System dé ibi tí wọ́n ti yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Stevie Wonder fun fèrè ẹnu fún wọn nínú Aura ní 1984.

Ẹ lọ gbọ́ Synchro System lónìí, kí ẹ fi ìfetísí-etí gbọ́ ọ. Ibo ni synthesizer jókòó sí? Ẹ̀gbẹ́ ló wà. Gángan ló ń sọ̀rọ̀. Gìtá ń dáhùn. Gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, tó máa ń fà láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn láìjáfara, wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tí Sunny Adé ní kó lọ sílé torí pé ẹ̀rọ dé. Alejò ni ẹ̀rọ náà, wọ́n fún un ní àga, àmọ́ wọn ò fún un ní yàrá baálé.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí jùjú gba àlejò nìyẹn. I.K. Dáíró ti mú àkọ́díọ́nì wọ inú jùjú ṣáájú, títí wọ́n fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ohun èlò òyìnbó ni àkọ́díọ́nì, Yorùbá ló sọ nígbà tó dé ọwọ́ Dáíró.

Ibi tí kíbọ́ọ̀dù wa ti kùnà

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo lọ kí Bàbá Onígángan nílé wọn lọ́nà Ìdímù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ ṣe ìwádìí kékeré kan pẹ̀lú ìlù wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìlù tí ẹ ní kò wúlò mọ́ ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n wá ní kí ọmọ-ọmọ wọn lọ gbé e wá.

Mo gbé fóònù mi kalẹ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, Yunifásítì Aachen ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ó lè gbọ́ ìró kó sì sọ iye Hz rẹ̀ fún yín. Mo ní kí Bàbá fi ìlù sọ orúkọ mi. Ohun tí mo rí lójú fóònù ni pé láti ohùn ìsàlẹ̀ wọn dé ohùn òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ìyẹn bí octave kan. Àmọ́ ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ohùn náà kì í fò láti ibì kan síbòmíràn. Ó máa ń yọ́ gòkè, ó máa ń yọ́ wálẹ̀. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sọ pé "ọ̀rẹ́", ẹ tẹ́tí sí bí ohùn yín ṣe yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìṣísẹ̀ 12 orí kíbọ́ọ̀dù, àtẹ̀gùn ni. Ohùn gángan, òkè tó dagun ni.

Mo wá padà sí ìdí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lápá òsì rẹ̀ tó ń fa ohùn gòkè tàbí wálẹ̀, pitch bend ni wọ́n ń pè é. Mo gbìyànjú láti fi sọ orúkọ mi. Kò ṣeé ṣe. Ìdí rẹ̀ rèé: bí wọ́n ṣe ń ṣe kíbọ́ọ̀dù púpọ̀ jáde, ìṣísẹ̀ 2 péré ni kẹ̀kẹ́ yẹn lè fa ohùn. Gángan Bàbá nílò bíi 12. Mo bá wọ inú ètò ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni mo tẹ̀. Mo yí 2 padà sí 12. Ó parí.

Ẹ gbọ́ mi o. Ọdún tí kíbọ́ọ̀dù yẹn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti lé ní mẹ́fà nígbà náà. Kò sẹ́nì kankan, tó fi mọ́ èmi tí mò ń pe ara mi ní onísáyẹ́ǹsì, tó ṣí ibẹ̀ wò rí. A lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, a fi ẹ̀rọ tí a ti di lẹ́nu rọ́pò rẹ̀, a sì ń pè é ní ìlọsíwájú.

Mo fi fídíò ohun tí mo ṣe han Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ó ń gbìyànjú. Àmọ́ akólòlò ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kẹ̀kẹ́ náà mọ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó fà á, kò sì mọ ẹni tó ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rántí Linn: onílù wà nínú rẹ̀. Nínú kíbọ́ọ̀dù tiwa, kò sí onígángan kankan nínú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó pè é síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní iná, àwa ń ra epo. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ò lè san owó onílù àti owó epo pọ̀. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́, mi ò sí nípò àwọn àgbà ìjọ wa. Tí wọ́n bá ti sọ fún wa pé owó ò sí, ká ṣe ìnáwó, a ì bá dá a. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ Bàbá. Kò ṣe é. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dá ìró ì bá ti sọ fún wọn pé kò lè ṣe é. Èmi ni mo yẹ kí n mọ̀, mi ò mọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo wa, yálà ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń kọrin fúnra rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà ti dé. Ẹ máa gbọ́ irú gbólóhùn kan náà: "Kò nílò yín mọ́, ó lè ṣe é." Ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ, bí wọ́n bá ti sọ fún un báyìí, ó ti gbà nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa bi wọ́n pé, "Kí ló lè ṣe gan-an? Kí ni kò lè ṣe? Iṣẹ́ ta ló wà nínú rẹ̀?" Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Alímọ̀ṣọ́ máa béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ń fi FL Studio ṣe bíìtì nínú yàrá yín ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ má kàn máa lo ìró tó bá kọ̀ǹpútà wá. Ẹ ṣí oscillator, ẹ ṣí asẹ́, ẹ bà á jẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe bíi Depeche Mode: ẹ lọ gba ìró ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀ ní ọjà Ìkọ̀tún, ìró oní-fọkanáísà nígbà tó bá ń gba táyà lu, ìró kọ̀ndọ́ tó ń gbá ara mọ́tò. Ìró tí kò sẹ́ni tó ní in láyé yìí wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Èkejì, ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ìró wà nínú ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ pe onígángan kan wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi phyphox wọn ìlù rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí octave kan fi ń gba ìlọ́po mẹ́rin ipá. Wọn ò ní gbàgbé títí ayé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi, tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ fi yín rọ́pò onílù, ẹ sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́ nígbà tèmi. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, àmọ́ mo dákẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ìkórè, mo bẹ àwọn àgbà ìjọ títí wọ́n fi gbà kí Bàbá wá lu gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fọwọ́ sí, wọn ò tíì fọwọ́ sí òmíràn, mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ náà, mo pa ìlù inú kíbọ́ọ̀dù, mo wá ìró kan tó rọra ń wọlé bíi ti gòjé, mo fi sí ìsàlẹ̀ ohùn Bàbá. Ìyá kan pẹ́ẹ́ dé. Bàbá fi ìlù kí i láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí yíjú padà, wọ́n ń wo ìlù, wọ́n ń wo ìyá náà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Báwo ni ìlù yẹn ṣe mọ orúkọ wọn?"

Mo jókòó, mo sì ṣàlàyé fún un, látorí okùn awọ dé orí voltage.